Láti Ìkòkò Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ dé Ìgò Òdèkú: Ọgbọ́n Ìpọntí ní Agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò

1. Ìfáàrà

Lójú títì tí ó lọ láti Èkó sí Àgbádárìgì, bí ènìyàn bá ti kọjá Ọ̀jọ́ tí ó ń súnmọ́ Okokomáíkò, ilé ọtí pọ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, ìgò ọtí dúdú tí àwọn ènìyàn ń pè ní òdèkú kì í sì í wọ́n nínú wọn. Ohun tí ó ṣòro láti rí ní ojú títì kan náà ni ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ọwọ́ òyìnbó ni ọgbọ́n ìpọntí ti wá, àti pé ohun tí àwọn ìyá àgbà ayé àtijọ́ ń ṣe nídìí ìkòkò kò ju kí wọ́n fi ọkà sínú omi kí wọ́n sì máa wo ohun tí yóò dà lọ.

Èrò yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí a bá tọ ipasẹ̀ ọtí méjèèjì dé orísun wọn, yóò hàn pé ìmọ̀ kan náà ni ó wà nídìí ìkòkò àti nídìí ìgò ní ti bí ọtí ṣe ń hó. Ohun tí ó yà wọ́n kò ju ọ̀kan lọ: ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò lè pẹ́ nílẹ̀, sítáòtù lè pẹ́. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni òfin, owó àti ojú ọ̀nà wá sọ di ńlá.

Èdè pàápàá jẹ́rìí sí i. Pípọn ni Yorùbá ń pọn ọtí ọkà, obìnrin tí ó fi í ṣe iṣẹ́ ni apọntí. Ẹmu ní tirẹ̀, dídá ni wọ́n ń dá a, adẹ́mu ni í sì í dá a. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ńláńlá dé, ilé ìpọntí ni wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀ ìdí ìkòkò ni wọ́n gbé wọ inú ilé onírin, kò sì sí ẹni tí ó rò ó pé kò bá a mu.

2. Ilẹ̀ náà àti ohun mímu rẹ̀

Àwórì ni wọ́n tẹ Ọ̀jọ́ àti Ìbà dó. Ìtàn tí gbogbo Àwórì ń sọ ni pé Ògúnfúnminíre gbé àwo kan lé orí omi, ó sì ń tẹ̀ lé e títí ó fi dé ibi tí àwo náà gbé rì. Ilẹ̀ omi ni ilẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ tàn ká. Ọ̀sà tí ó lọ sí Àgbádárìgì wà ní ẹ̀gbẹ́ Ọ̀jọ́, irà sì yí i ká. Níbi tí irà bá ti wà, ògùrọ̀ kì í jìnnà. Nítorí náà ohun tí ó kọ́kọ́ wà fún ará agbègbè yìí láti mu ni ẹmu àti ògùrọ̀, èyí tí kò béèrè iná tàbí ìkòkò. Igi ni ó ń ṣe é, ìwúkàrà tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára agbè sì ni ó ń mú un hó kí oòrùn tó wọ̀. Ọtí yìí ni ìtàn sọ pé Ọbàtálá mu tí ó fi sùn, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ dídá ayé mọ́ ọn lọ́wọ́, tí àwọn olùsìn Ọbàtálá kò fi gbọdọ̀ fi ẹnu kan ẹmu títí di òní.

Ọtí ọkà yàtọ̀. Ọkà bàbà ni ó ṣáájú nílẹ̀ Yorùbá. Àgbàdo kò lè dàgbà tó bẹ́ẹ̀, nítorí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, kò sì lè dé etíkun yìí kí ó tó di pé àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín lẹ́yìn ọdún 1492. Ó yẹ kí a rántí èyí nígbà tí a bá ń pe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, tí ó jẹ́ ọtí àgbàdo, ní ọtí ìbílẹ̀ pọ́ńbélé. Ọgbọ́n rẹ̀ ni ó jẹ́ ti ìbílẹ̀. Ọkà rẹ̀ àjèjì ni nígbà kan rí. Àwọn apọntí gba ọkà tuntun, wọ́n sì fi ọgbọ́n ọkà bàbà pọn ọ́n. Irú ìpààrọ̀ bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1988, ṣùgbọ́n nígbà náà ilé iṣẹ́ ni ó ṣe é, ọ̀dọ̀ àjèjì ni ó sì ti ń padà bọ̀ sílé.

Iṣẹ́ ọkùnrin ni ẹmu dídá. Iṣẹ́ obìnrin ni ọtí pípọn. Adẹ́mu lè lọ sí irà kí ó sì padà láàárín òwúrọ̀ kan. Apọntí ń lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó sì nílò igi ìdáná, omi púpọ̀ àti àyè tí oòrùn ti ń wọlé. Owó tí ó bá ti ibẹ̀ wá, tirẹ̀ ni.

3. Nídìí ìkòkò

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní rírẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Wọn yóò gbọ́n omi náà dànù, wọn yóò da àgbàdo sórí ewé, wọn yóò fi ewé mìíràn bò ó, wọn yóò sì máa wọ́n omi sí i títí yóò fi hù. Apọntí tí ó mọ iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ó hù jù: bí èèhù bá gùn kọjá ààlà, ó ti jẹ oúnjẹ inú hóró tán, ọtí tí yóò ti ibẹ̀ wá yóò ṣàn bí omi lásán. Bí kò bá sì hù tó, ẹ̀kọ ni yóò bá nínú ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò sá a sí oòrùn, tí wọn yóò sì lọ̀ ọ́.

Híhù ni ó ń jí ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní ènsáìmù, èyí tí ń sọ ìyẹ̀fun inú ọkà di adùn. Apọntí kò fún un ní orúkọ, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ mọ ìgbà tí ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ìṣòro ńlá sì wà níhìn-ín tí ó yẹ kí a dúró tì díẹ̀. Ìyẹ̀fun inú ọkà báálì, tí àwọn òyìnbó fi ń pọn bíà, a máa dì bí ẹ̀kọ nígbà tí omi rẹ̀ bá gbóná tó nǹkan bí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ènsáìmù sì lè fara da ìyẹn. Ti ọkà bàbà ń fẹ́ ooru tí ó lé ní 68 tàbí 70, ènsáìmù inú rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kú nínú irú ooru bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé gbogbo rẹ̀ kaná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti pa òṣìṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn obìnrin tí ń pọn ọtí ọkà bàbà, láti ilẹ̀ Benin títí dé Burkina Faso, ti rí ọ̀nà àbáyọ láti ìgbà láéláé. Wọn a po ìyẹ̀fun ọkà híhù mọ́ omi, wọn a jẹ́ kí ó tòrò, wọn a sì rọra gbọ́n omi òkè rẹ̀ sọ́tọ̀. Ìsàlẹ̀ tí ó kì ni wọn yóò gbé kaná tí yóò hó dáadáa. Bí ó bá ti tutù díẹ̀ ni wọn yóò da omi òkè yẹn padà sí i. Inú omi tí wọ́n gbọ́n sọ́tọ̀ ni ènsáìmù wà. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gbé e súnmọ́ iná. Kò sí ẹni tí ó kọ èyí sínú ìwé fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní àmúṣe lásán ni, kí ó ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè ṣèèṣì mọ irú rẹ̀, kí ó sì máa ṣe é bákan náà láti ìran dé ìran.

Wọn yóò jẹ́ kí omi ọkà náà sùn di ọjọ́ kejì kí ó lè kan díẹ̀, nítorí kíkan yìí kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò tí ń ba ọtí jẹ́ ráyè. Wọn yóò sẹ́ ẹ, wọn yóò tún sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọn yóò sì jẹ́ kí ó tutù. Nígbà yìí ni ọ̀rọ̀ ìwúkàrà dé. Apọntí a máa tọ́jú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tí ó pọn kẹ́yìn, yálà ní tútù tàbí ní gbígbẹ. Òun ni yóò bù sí ọtí tuntun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìfóòfó yóò ti gba ojú ìkòkò. Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ó yẹ kí wọ́n ti mu ún tán, nítorí ohun tí ó kù lẹ́yìn ìyẹn yóò kan gógó.

Ó dára kí a fi èyí wé ohun tí ń lọ ní Yúróòpù ní àkókò kan náà. Louis Pasteur, ará Faransé, ni ó fi ìwádìí rẹ̀ láti ọdún 1857 lọ hàn pé ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí ni ó ń mú ọtí hó. Ìwé rẹ̀ lórí bíà jáde ní ọdún 1876. Ní ọdún 1883 ni Emil Christian Hansen, ní ilé iṣẹ́ Carlsberg ní Copenhagen, ya irú ìwúkàrà kan ṣoṣo sọ́tọ̀ tí ó sì ń tọ́ ọ dàgbà láìsí ìdàpọ̀. Ṣáájú ọdún náà, gbogbo apọntí Yúróòpù, títí kan àwọn ti Dublin, ohun tí wọ́n ń ṣe ni kí wọ́n bù nínú ìwúkàrà ọtí àná sí ọtí òní. Èyí ni pé títí di ọdún 1883, apọntí Dublin àti apọntí Ìbà jọ dúró lórí ilẹ̀ kan náà ni.

4. Ọtí tí a pọn fún ọ̀nà jíjìn

Ní ọdún 1759 ni Arthur Guinness gba ilé ìpọntí kan ní St James's Gate ní Dublin, pẹ̀lú ìwé àdéhùn ọdún 9,000, ohun tí ó máa ń pa àwọn tí ó bá gbọ́ ọ lẹ́rìn-ín. Ọtí dúdú tí ó sọ ọ́ di olókìkí, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń mu ún. Ní ọdún 1817, Daniel Wheeler gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tí ń yan ọkà híhù títí yóò fi dúdú láìjóná, láti ìgbà náà sì ni ọtí náà ti ń dúdú bí ó ṣe rí lónìí.

Ohun tí ó kan àpilẹ̀kọ yìí jù ni ọtí tí ilé iṣẹ́ náà ń pọn fún òkè òkun. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1801, nígbà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn erékùṣù Karibíà. Wọ́n fi kún òdòdó kíkorò tí ń jẹ́ hops, wọ́n sì mú kí ọtí náà le ju ti ilé lọ, nítorí hops àti líle ni ó ń dènà ìbàjẹ́ lórí omi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní ọdún 1827 ó dé Sẹrá Líónì. Kì í ṣe ìgbéraga ni ó mú ọtí yìí le, ìrìn àjò ni. Ohun tí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò nílò nìyẹn, nítorí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í rìn ju ìdí ìkòkò sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá lọ.

Ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1946, ni ó kọ́kọ́ gbé bíà Star jáde ní Èkó ní ọdún 1949. Ilé iṣẹ́ Guinness Nigeria di èyí tí òfin mọ̀ ní ọdún 1950, ṣùgbọ́n kíkó ọtí wọlé láti Dublin ni iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn òmìnira, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ni ilé ìpọntí rẹ̀ ní Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ti ìlú Benin tẹ̀ lé e ní ọdún 1974. Síbẹ̀, dúdú inú ìgò náà kò di ti Ìkẹjà tán. Omi ọkà dúdú tí wọ́n ti sè títí ó fi kì ni wọ́n ń kó wá láti Dublin láti pò mọ́ ọtí tí wọ́n pọn níhìn-ín. Bí apọntí kan ṣe ń bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ni ilé Ìkẹjà ń bu àwọ̀ àti adùn lọ́wọ́ ilé Dublin.

Ìkorò ọtí yìí kò ṣe àjèjì fún ẹnu tí ó ti mọ àgbo àti orógbó. Ìyẹn, pẹ̀lú ìpolówó ọjà, ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa sọ pé ó ń fún ni ní ẹ̀jẹ̀ àti agbára. Ọtí tí ìdá 7.5 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ọ̀gidì kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀.

5. Òfin àti orúkọ burúkú

Ní ọdún 1919, àwọn orílẹ̀-èdè tí ń ṣe ìjọba lé Áfíríkà lórí fọwọ́ sí àdéhùn Saint-Germain-en-Laye, èyí tí ó fòfin de jíìnì olówó pọ́ọ́kú tí àwọn oníṣòwò Yúróòpù ń kó wá sí etíkun. Àyè ṣófo. Nígbà tí ó yá, ògógóró gba àyè náà: àwọn ènìyàn kọ́ bí a ti ń se ẹmu tí ooru rẹ̀ yóò gba inú ọ̀pá kọjá, tí yóò sì kán sínú ìgò ní ọtí líle. Ní Dahomey, tí ó di ilẹ̀ Benin lónìí, orúkọ ẹbí Sodabi ni wọ́n fi ń pè é, nítorí pé ọmọ ẹbí náà tí ó jagun fún Faransé nínú Ogun Àgbáyé Kìíní ni wọ́n sọ pé ó kọ́ ọgbọ́n náà bọ̀. Láti Pọ̀tọ̀nóòfù wá sí Àgbádárìgì, títí dé Ọ̀jọ́, ọ̀sà kan náà ni. Ọkọ̀ ojú omi kì í bi ọtí léèrè ìwé ìrìnnà.

Ìjọba àmúnisìn ka ògógóró sí ẹ̀ṣẹ̀, nítorí ó ń dín owó orí jíìnì tí ó gba ọ̀nà òfin wọlé kù. Òfin kò fi ojú kan náà wo ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ṣùgbọ́n ojú ará ìlú kò ya méjèèjì sọ́tọ̀ mọ́. Ọtí tí a bá ṣe nílé di ohun tí ènìyàn ń fi pamọ́. Ọtí inú ìgò di ti ọmọlúwàbí. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ọdún 1963 ni wọ́n tó yọ ìwé àṣẹ kúrò lọ́rùn ẹni tí ó bá fẹ́ pọn bíà nílé ara rẹ̀, tí ó fi di eré ìdárayá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń padà sí ìdí ìkòkò lọ́hùn-ún ni wọ́n ń kúrò nídìí rẹ̀ níhìn-ín.

Ìbẹ̀rù ọtí ilé kò ṣàìní ìdí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú òjijì pa àwọn ènìyàn ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, àwọn oníṣègùn sì tọ́ka sí mẹ́táńọ́ọ̀lù inú ọtí líle. Ní ọdún náà ni àjọ NAFDAC fòfin de ògógóró. Ṣùgbọ́n ọtí ọkà tí ó kàn hó nínú ìkòkò kì í ní mẹ́táńọ́ọ̀lù tí ó tó láti pa ènìyàn. Ìsemi ọtí láìmọ̀ọ́ṣe tàbí àbùlà ni ewu náà ti ń wá. Ẹni tí ó bá fi ọ̀ràn ògógóró dá ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lẹ́bi, ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ ni ó dá.

6. Ọkà bàbà padà sílé

Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí náírà sì dínkù ní iye láti ọdún 1986, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọkà báálì kò gbọdọ̀ wọ Nàìjíríà mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988. Báálì kì í ṣe dáadáa nínú ilẹ̀ gbígbóná. Ọkà bàbà àti àgbàdo ni ó kù. Àwọn ilé ìpọntí wá bá ara wọn níwájú ìṣòro tí àwọn obìnrin ìdí ìkòkò ti bá pàdé tipẹ́: ìyẹ̀fun tí ń fẹ́ ooru púpọ̀, ènsáìmù tí kò lè fara dà á, àti ọkà tí kò ní èèpo tí yóò ran sísẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wọn gbà yọ kì í ṣe ti gbígbọ́n omi òkè sọ́tọ̀. Ènsáìmù tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ní òkè òkun ni wọ́n rà. Ọkà di ti ilé, ènsáìmù di ti òkèèrè. Nígbà tí ìjọba sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí báálì ní ìparí àwọn ọdún 1990, ọkà bàbà kò jáde mọ́. Ó wà nínú sítáòtù Nàìjíríà títí di òní.

Ó tó láti béèrè bóyá ọtí dúdú líle lè ti inú ìkòkò ilé wá ní agbègbè yìí. Kò sí ohun tí ó dènà rẹ̀ ní ti ọkà: bí wọ́n bá yan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkà bàbà nínú agbada títí yóò fi dúdú bí kọfí, àwọ̀ àti ìkorò yóò wá. Ní ti hops, àwọn onímọ̀ Nàìjíríà ti dán ewúro àti orógbó wò dípò rẹ̀. Ooru ni ọ̀tá. Ìwúkàrà sítáòtù ń fẹ́ ìwọ̀n 18 sí 22. Ooru Èkó wà ní nǹkan bí 27, ọtí tí adùn rẹ̀ pọ̀ sì máa ń dá ooru tirẹ̀ kún un bí ó ti ń hó. Bí ó bá kọjá 30, ìwúkàrà yóò sáré jù, ọtí yóò ta ọ̀fun, yóò sì fọ́ ni lórí ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù. Ìkòkò amọ̀ tí a fi àpò tútù wé, tí a gbé sí òjìji, tí a bu ìwúkàrà sí ní alẹ́, lè mú ooru náà wálẹ̀. Ọgbọ́n àmù omi ni. Lẹ́yìn ìyẹn, sùúrù ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí ó tó wọ ìgò, nítorí ìgò tí a dé kí híhó tó parí a máa bú. Sùúrù yìí gan-an ni ohun tí apọntí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò nílò rí: àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ kejì.

Ní ọdún 2024, àwọn tí ó ni ìpín tí ó pọ̀ jù nínú Guinness Nigeria ní Lọ́ńdọ̀nù tà á fún ilé iṣẹ́ Tolaram, wọ́n sì ń bá ọtí dúdú náà lọ pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Láti Okokomáíkò dé ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀ kò tó 100 kìlómítà. Lódìkejì rẹ̀, ní Kùtọ́nù, àwọn obìnrin tí ìran wọn ti agbègbè Dáṣà àti Savalou wá ṣì ń gbé tchakpalo, ọtí ọkà bàbà tàbí àgbàdo, sí ẹ̀gbẹ́ títì. Igbá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò ni wọ́n sì ń gbé padà sílé fún pípọn ọ̀la.